Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí iṣẹ́ fayolín àti ọmọ títọ́

Ẹ kú ilé o. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé. Mo máa ń bá àwọn ẹgbẹ́ ọ̀kẹ́sítírà lo fayolín, ìgbà tí wọ́n bá pè mí nìkan ni mò ń rówó. Èkó ni ìpè tó lówó lórí ti ń wá, pàápàá ní Oṣù Kejìlá. Ìdánrawò ọjọ́ mẹ́ta, eré ọjọ́ kan. Tí mo bá ro ti ọ̀nà mọ́ ọn, ọ̀sẹ̀ kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ. Ìyá ọkọ mi ló ń bá mi mú àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n orúnkún ń dùn wọ́n báyìí.

Òru ni mo máa ń dánra wò, màá fi rọ́bà tó ń dín ohùn kù sórí fayolín. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́ta, jí, ó jókòó lé àpótí fayolín náà, ó ní, "Mọ́mì, ẹ má gbé e lọ mọ́." Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi.

Ọkọ mi ní kí n kúkú máa kọ́ àwọn ọmọ ìjọ níbí. Mo fẹ́ràn ìyẹn náà, àmọ́ tí mo bá kọ ìpè lẹ́ẹ̀mejì, ẹlòmíì ni wọn yóò máa pè.

Ẹ̀yin olórin tẹ́ ẹ lọ́mọ, ìpè mélòó lẹ ń gbà lọ́dún? Ṣé ẹ máa ń béèrè owó ẹni tó ń bá yín tọ́jú ọmọ lọ́wọ́ àwọn tó pè yín?