Ààbò tí mo ṣe fún abẹ̀bẹ̀ dúróònù mi ló ń ba abẹ̀bẹ̀ náà jẹ́

Ayàwòrán_Inú_Ilé béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Dúróònù kékeré kan ni mo fi ń ya fídíò nínú gbọ̀ngàn, níbi tí àwọn èèyàn sábà máa ń wà nítòsí. Òun àti bátìrì rẹ̀ wọn gíráàmù 210, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì fẹ̀ tó mìlímítà 76 láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó. Nítorí àwọn èèyàn wọ̀nyí ni mo ṣe fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D tẹ òrùka ààbò fún abẹ̀bẹ̀ kọ̀ọ̀kan. PLA ni ike tí mo lò. Òrùka kan wọn gíráàmù 18, ara rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 3, àlàfo tó wà láàárín òun àti ṣóńṣó abẹ̀bẹ̀ kò sì ju mìlímítà 1 lọ, nítorí mo gbọ́ pé bí àlàfo yẹn bá ṣe kéré tó ni abẹ̀bẹ̀ ṣe ń lágbára tó.

Kí n tó fi òrùka wọ̀nyí sí i, ìṣẹ́jú 7 ni bátìrì fi ń gbé e. Nísinsìnyí kò pé 5 mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fẹ̀gbẹ́ gbá ògiri, eré rẹ̀ kò sì ju ti ẹni tó ń sáré lọ. Òrùka náà kò kọ́kọ́ fọ́. Ńṣe ló tẹ̀ sínú, abẹ̀bẹ̀ gé e, ṣóńṣó abẹ̀bẹ̀ méjì sì já dànù kí n tó ráyè pa á. Nígbà tí mo gbé e wò, ẹsẹ̀ tó so òrùka mọ́ dúróònù ti ya gba àárín ìpele ike méjì (ìpele lórí ìpele ni ẹ̀rọ náà ń to ike léra), bí ìgbà tí èèyàn bá ṣí ìwé, ojú ibẹ̀ sì ń dán. Abẹ́ mọ́tò ni mo dè é mọ́, bóòtù mọ́tò fúnra rẹ̀ ni mo sì fi dè é. Ṣé kí n jẹ́ kó nípọn sí i ni, àbí ike mìíràn ni kí n lò?

Alágbẹ̀dẹ_Ike dáhùn:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó nípọn sí i. Iṣẹ́ méjì tó ń ta ko ara wọn lẹ gbé lé òrùka kan ṣoṣo lọ́wọ́: ẹ fẹ́ kó sún mọ́ abẹ̀bẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, ẹ sì tún fẹ́ kó gba ìkọlù. Ohun tó bá máa gba ìkọlù gbọ́dọ̀ tẹ̀, ohun tó bá sì tẹ̀ ju mìlímítà 1 lọ nínú tiyín ti kan abẹ̀bẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Dúróònù yín pẹ̀lú ààbò rẹ̀ wọn gíráàmù 282. Bí ó bá ń rin mítà 4 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, agbára tó gbé dé ara ògiri jẹ́ nǹkan bíi joule 2.26, gbogbo rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tán kí ó tó dúró. Bí ó bá tán láàárín mìlímítà 3, ipá tó máa ti òrùka náà yóò tó bíi newton 750. Bí ẹ bá fún un ní mìlímítà 15 kó fi dúró, ipá náà yóò wálẹ̀ sí nǹkan bíi 150. Kò sí ike tí ẹ lè rà tó máa ṣe fún yín ohun tí mìlímítà 12 yẹn ṣe.

Nítorí náà, ẹ pín iṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ kí òrùka inú gan, kí ó tín-ín-rín tó mìlímítà 1.2, kí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dúró níbi tó wà nìkan. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fóòmù EPP tó nípọn tó mìlímítà 15 yí i ká lẹ́yìn, ní ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ìta, nítorí fóòmù yẹn máa ń padà sí ipò rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti tẹ̀, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọn nǹkan kan. TPU, ike tó ń rọ̀ bí rọ́bà, tó bá ṣófo nínú náà dára, ṣùgbọ́n ó wúwo jù ú lọ.

Ní ti ẹsẹ̀ tó ya, ó dá mi lójú pé òró lẹ tẹ̀ ẹ́. Ibi tí ìpele kan ti lẹ̀ mọ́ èkejì ni ohun tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ ti máa ń rẹ̀wẹ̀sì jù. Ẹ dùbúlẹ̀ òrùka àti ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀ lórí àtẹ́ ẹ̀rọ náà, kí ìpele náà lè gba gígùn ẹsẹ̀ lọ, kí ẹ sì ṣe igun tó so méjèèjì pọ̀ ní ṣíṣe kọrọdọ. PLA tún máa ń rọ̀ bí ooru bá tó 60°C. Mo ti rí òrùka tó di bí ẹyin nínú ọkọ̀ tí wọ́n tì sínú oòrùn. PETG, ike mìíràn tí ẹ̀rọ yín lè tẹ̀, máa ń fara dà á títí dé nǹkan bíi 80°C.

Ẹ tú u kúrò lábẹ́ mọ́tò pẹ̀lú, kí ẹ dè é mọ́ apá férémù. Bóòtù gígùn lẹ máa nílò kí ó tó lè la ẹsẹ̀ òrùka kọjá, bí ẹsẹ̀ náà bá sì ti kúrò níbẹ̀ tí ẹ tún fún bóòtù yẹn padà, ẹnu rẹ̀ yóò wọnú mọ́tò lọ kan wáyà bàbà inú rẹ̀. Bí mo ṣe jó mọ́tò méjì nìyẹn lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ọmọ_Atẹ́gùn dáhùn:

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Alágbẹ̀dẹ. Ohun tí ẹ gbọ́ nípa àlàfo kì í ṣe irọ́, àmọ́ irú òrùka tiyín kọ́ ni wọ́n ń sọ. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lábẹ́ abẹ̀bẹ̀ tí kò ní nǹkan lára máa ń fún pọ̀ bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Bí ihò gígùn tí ẹnu rẹ̀ ṣe kọrọdọ bá yí i ká, kò ní lè fún pọ̀ mọ́, ìṣírò sì fi hàn pé agbára kan náà lè gbé nǹkan bíi ìdá 26 nínú 100 sí i nígbà tí dúróònù bá dúró sójú kan. Iye tí kò ní àdínkù kankan nìyẹn. Òrùka tí etí rẹ̀ mú bí abẹ, tí kò sì ga, kò lè sún mọ́ ọn. Ẹ fi àlàfo mìlímítà 4 sílẹ̀ láìbẹ̀rù.

Ẹrù ló jẹ ìṣẹ́jú yín. Bí abẹ̀bẹ̀ kò bá yí padà tí ìwọ̀n sì pọ̀ sí i, agbára tó ń gbé e dúró máa ń pọ̀ ju bí ìwọ̀n náà ṣe pọ̀ lọ: ẹ fi ìwọ̀n àtijọ́ pín ìwọ̀n tuntun, kí ẹ sì sọ èsì rẹ̀ di ọ̀nà 1.5, ìyẹn ni pé kí ẹ fi gbòǹgbò rẹ̀ (√) sọ ọ́ di púpọ̀. Láti 210 sí 282, agbára náà di ìlọ́po 1.56, ìṣẹ́jú 7 sì di 4.5, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe rí i. Bí òrùka kọ̀ọ̀kan bá wọn gíráàmù 8, ẹ máa padà sí ìṣẹ́jú 5 àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ẹrù tó wà ní ṣóńṣó apá máa ń mú kí dúróònù lọ́ra láti yí, bí ẹni tó na ọwọ́ gbọọrọ tó sì fi gbé garawa omi.

Bí abẹ̀bẹ̀ yín bá jẹ́ ẹlẹ́wẹ́ mẹ́ta, ẹ má ṣe fún òrùka ní ẹsẹ̀ mẹ́ta tó jìnnà sí ara wọn bákan náà, nítorí ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò máa kọjá lórí ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ariwo rẹ̀ yóò sì pọ̀.

Olùkọ́_Fíṣíìsì dáhùn:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé àwọn èèyàn tí ẹ tìtorí wọn bẹ̀rẹ̀. Bí abẹ̀bẹ̀ yín bá ń yí ìgbà 24,000 ní ìṣẹ́jú kan, ṣóńṣó rẹ̀ ń rin nǹkan bíi mítà 95 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Òrùka ń gba ògiri. Kò gba ìka ọmọdé tó ti òkè nawọ́ sí i, kò sì gba irun. Òfin FAA, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà ojú òfuurufú ní Amẹ́ríkà, fún fífò lórí èèyàn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, sọ nípa ìpele rẹ̀ àkọ́kọ́ pé dúróònù pẹ̀lú gbogbo ẹrù rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 0.55 pọ́n-ùn lọ, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 249, kò sì gbọ́dọ̀ ní ohun tó ń yí tó hàn síta tó lè ya awọ ara èèyàn. Gíráàmù 242 yín (210 àti òrùka mẹ́rin oní-gíráàmù 8) yóò yege nínú ti ìwọ̀n, ṣùgbọ́n òrùka lásán kò ní yege nínú èkejì. Ẹ na okùn ọ̀rá tín-ín-rín sójú òrùka lókè àti nísàlẹ̀, kí ìka má lè gba àárín rẹ̀, kí ẹ sì fi ìka tiyín dán an wò nígbà tí bátìrì kò bá sí lára rẹ̀.

Ayàwòrán_Inú_Ilé dáhùn:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ti tẹ òmíràn pẹ̀lú PETG, mo sì fi fóòmù yí i ká. Ó fo fún ìṣẹ́jú 5 àti ìṣẹ́jú-àáyá 20, ó gbá ògiri lẹ́ẹ̀mẹ́ta, abẹ̀bẹ̀ kankan kò sì fọ́. Ohun kan ló kù: bí mo bá fún un lágbára dé ibì kan, àwòrán fídíò a máa mì bí omi. Nígbà tí mo fi èékánná ta òrùka, ó dún gbọọrọ bí agogo kékeré.

Alágbẹ̀dẹ_Ike dáhùn:

Òrùka yẹn ń gbọ̀n pẹ̀lú yíyí mọ́tò ni. Ẹ fi ọ̀pá kékeré so òrùka méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn pọ̀, títí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò fi di ẹyọ kan, kí ẹ tó tún èékánná ta á. Bí ó bá dún pà, tí ohùn náà kò fà mọ́, ẹ gbé e fò.