Wọ́n ní Ubuntu 22.04 mi máa dé 2027, kí ló wá ń béèrè Pro lọ́wọ́ mi sí?

Ìyá Fọ́tòkọ́pì, Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí ọjà Ouando, fọ́tòkọ́pì àti ìwé títẹ̀ là ń ṣe níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ni mo ní, Ubuntu 22.04 ló wà lórí wọn, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows. Ọmọkùnrin tó bá mi fi í sí i ní LTS ni, ẹ̀dà tí wọ́n ń tọ́jú fún ọdún márùn-ún, pé kí n fọkàn balẹ̀ títí di 2027. Mo sì fọkàn balẹ̀ lóòótọ́.

Àárọ̀ àná ni mo ń ṣe `apt upgrade`, àṣẹ tó ń mú àtúnṣe wá, kí oníbàárà tó dé, ló bá kọ ọ́ síwájú mi pé: «Get more security updates through Ubuntu Pro with 'esm-apps' enabled», ó wá to orúkọ sísàlẹ̀ rẹ̀, VLC tí a fi ń wo fídíò wà níbẹ̀, àwọn mìíràn tí mi ò mọ̀ rí náà wà níbẹ̀. Ṣé owó ni wọ́n ń wá ni? Àbí 2027 tí wọ́n sọ yẹn, irọ́ ni? Àbúrò ọkọ mi ní kí n kúkú fi Windows sí i kí n sinmi. Mi ò fẹ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọmọ Aláketu

Ẹ kú ọjà o, màámá. Irọ́ kọ́, ọmọkùnrin yẹn ni ò sọ ọ́ tán. Ọdún márùn-ún tí wọ́n ń wí yẹn kì í ṣe ti gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀rọ. Àwọn package Ubuntu, ìyẹn àwọn ètò tó wà lórí ẹ̀rọ, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni yàrá tí wọ́n ń gbé. Àwọn tó wà ní main, Canonical, ilé iṣẹ́ tó ṣe Ubuntu, fúnra wọn ló ń tọ́jú wọn: LibreOffice tí a fi ń kọ ìwé wà níbẹ̀, CUPS tó ń bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín sọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀. Tí ihò ààbò bá yọ lára wọn, wọ́n á dí i fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ láàárín ọdún márùn-ún yẹn. VLC, àti GIMP òun Inkscape tí a fi ń ṣe àwòrán, universe ni tiwọn. Àwọn tó ń fi ara wọn jìn lásán ló ń mójú tó universe. Bí wọ́n bá ráyè, wọ́n á tún un ṣe. Bí wọn ò bá ráyè, ó di ọwọ́ Ọlọ́run.

Ẹ ṣí terminal, ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ, ẹ tẹ `apt policy vlc`, kí ẹ wo ìlà tí jammy wà. Jammy ni orúkọ ìnagijẹ 22.04.

Ìyá Fọ́tòkọ́pì

Mo tẹ̀ ẹ́. «jammy/universe» ló kọ. Mo tẹ ti libreoffice-writer, ó kọ «jammy-updates/main». Hà! Láti ìgbà tí mo ti ń lò ó! Pro wá ńkọ́, ọmọ mi?

Bàbá Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ jẹ́ kí n bá a dá sí i. Ohun tí Pro ń ṣe ni pé ó ń mú àtúnṣe ààbò wá fún àwọn ará universe náà, ó sì ń sọ ọdún márùn-ún di mẹ́wàá. Èyí ni pé 22.04 yín lè dé 2032. Ẹ̀rọ márùn-ún ni wọ́n gbà kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi sí i láìsan kọ́bọ̀, ẹ̀yin mẹ́ta lẹ ní. Ẹ ṣí àkáǹtì, ẹ tẹ `sudo pro attach`, ó máa fún yín ní kóòdù kúkúrú kan tí ẹ máa tẹ̀ sójú ìwé wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò ní sọ VLC yín di tuntun o, ihò nìkan ló ń dí. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ `pro security-status`, kí ẹ sọ ohun tó bá kọ fún wa.

Ọmọ Ìta Wàrà

Gbogbo wàhálà yìí! Ẹ gbé Debian, ètò mìíràn bíi Ubuntu, yàrá kan ṣoṣo ni.

Bàbá Ṣábẹ̀ẹ́

Àbúrò, rọra. Debian náà ní àwọn tí wọn ò lè tọ́jú tán, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe `check-support-status` tó ń to orúkọ wọn. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ LTS wọn á wá fi méjì kún un. Mo fẹ́ràn Debian, òun ni mo ń lò nílé, àmọ́ màámá ní oníbàárà lẹ́nu ọ̀nà.

Ìyá Fọ́tòkọ́pì

Ẹ ṣé, bàbá. Ó ti wọlé lórí ẹ̀rọ méjì. Ti àkọ́kọ́ kọ ọ́ pé package 1748 ló wà: 1571 láti main, 168 láti universe, 6 láti ọ̀dọ̀ àjèjì, àti 3 tí kò sí níbì kankan mọ́. Àwọn wo ni àjèjì?

Ọmọ Aláketu

Chrome á wà lára wọn, ìyẹn ń gba tirẹ̀ lọ́dọ̀ Google fúnra rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Àmọ́ dírafà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n fi fáìlì .deb gbé wá, kò sẹ́ni tó ń rántí ìyẹn. LTS ò kàn án, Pro ò kàn án. Ẹ máa lọ wo ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn mẹ́ta yẹn, ó lè jẹ́ pé 20.04 ni wọ́n ti bá a bọ̀. Ẹ tẹ `pro security-status --unavailable`, ẹ máa rí orúkọ wọn.

Ìyá Fọ́tòkọ́pì

Dírafà ni lóòótọ́! Ẹ̀rọ kẹta, èyí kékeré tí wọ́n bá mi rà ní Kútọnu, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án báyìí. Orí eku ni mo rí lójú rẹ̀ bó ṣe ń ṣí.

Bàbá Ṣábẹ̀ẹ́

Áà, Xubuntu nìyẹn, ẹ̀yà Ubuntu kan. Ọdún mẹ́ta péré ni wọ́n ń fún irú rẹ̀, ti 22.04 sì ti parí láti oṣù kẹrin 2025. Ẹ fi Pro sí òun náà kí ihò má baà pọ̀. Tí ẹ bá rí data, ẹ ṣe `do-release-upgrade` lọ sí 24.04. Ẹ kọ́kọ́ kó fáìlì àwọn oníbàárà sórí kílé USB, kí bátìrì sì kún, torí bí iná bá lọ láàárín, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ìyá Fọ́tòkọ́pì

Ọjọ́ Àìkú ni màá ṣe é, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Tó bá kọ nǹkan, màá ya fọ́tò rẹ̀ wá síbí.