1884-S tó wà ní AU58: ṣé kí n tún un gbé lọ fún gíréèdì?

Àkànní: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ní dọ́là fàdákà Morgan ti Amẹ́ríkà kan, 1884-S (S ni àmì San Francisco), nínú ike àtijọ́ tó ní lébẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ ewé, ti PCGS, ilé-iṣẹ́ tó ń yẹ owó wò tó sì ń fún un ní máàkì. AU58 ni wọ́n kọ sí i, ìyẹn owó tí ọwọ́ kàn pa díẹ̀, lórí òṣùwọ̀n tó parí sí 70. Ẹni tó tà á fún mi búra pé bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò lónìí, MS61 ni, ó tiẹ̀ lè tó 62. Mo gbé e sábẹ́ iná, dídán rẹ̀ ń sáré yí ojú rẹ̀ ká dáadáa. Ẹ mọ̀ pé láti 60 sókè ni wọ́n ń ka owó sí èyí tí wọn ò ná rí (MS), àti pé fún 1884-S gan-an, iye tó wà láàárín 58 àti 61 kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fojú kéré. Ṣé kí n fọ́ ike yìí kí n fi owó náà ránṣẹ́ ní ìhòòhò, kí n fi í ránṣẹ́ tòun ti ike, àbí kí n jókòó jẹ́ẹ́?

Bàbá Wúrà: Àkànní, fi òòlù sílẹ̀ ná. 3,200,000 ni wọ́n tẹ̀ ní San Francisco lọ́dún yẹn, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló bọ́ sọ́jà, tí ọwọ́ pa á. Èyí tó ti gbó kò wọ́n. Èyí tí wọn ò ná rí ló wọ́n bí ojú. Kò dà bíi 1881-S tó jókòó sínú àpò báńkì títí, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lè ra MS65 rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí oníṣòwò tó máa rí AU58 1884-S tí kò ní lá irú àlá tí ò ń lá yìí. Bí ó bá dá ẹni tó tà á fún ọ lójú pé 62 ni, kí ló dé tí kò fúnra rẹ̀ fi í ránṣẹ́ kó tó tà á?

Màmá Ìbejì: Hahaha, Bàbá ti bi í ní ìbéèrè gidi. Àkànní, ẹ bá mi wo ibi mẹ́ta: irun tó wà lókè etí, ẹ̀rẹ̀kẹ́, àti àyà ẹyẹ idì tó wà lẹ́yìn. Iná kan ṣoṣo ni kí ẹ tàn, kí ẹ sì máa yí owó náà díẹ̀díẹ̀. Tí dídán bá já níbẹ̀, tí àwọ̀ ibẹ̀ sì pọ́n eérú, ọwọ́ ti pa á nìyẹn. Àpá tí àwọn owó ń dá sára ara wọn nínú àpò yàtọ̀ síyẹn. Ó máa ń fa máàkì wálẹ̀, àmọ́ kì í sọ ọ́ di owó tí wọ́n ti ná.

Délé: Èmi ò fara mọ́ ti Bàbá o. Ẹ fọ́ ọ! Tí àwọn tó ń yẹ owó wò bá ti rí 58 lára ike, 58 náà ni ojú wọn á máa rí. Owó tó wà ní ìhòòhò ni wọ́n ń fi ojú tuntun wò.

Màmá Ìbejì: Délé, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá rí i pé ẹnì kan ti fi oògùn fọ̀ ọ́ láyé àtijọ́ ńkọ́? Wọ́n á dá a padà pẹ̀lú "AU Details – Cleaned", kò ní sí nọ́ńbà kankan lára rẹ̀. Tí ike bá sì ti fọ́, ẹ̀rí tí ilé-iṣẹ́ ṣe lórí 58 yẹn ti parí. Ẹ má gbàgbé pé àwọn èèyàn wà tí wọ́n ń san àfikún owó nítorí ike aláwọ̀ ewé yẹn nìkan.

Àkànní: Ẹ ṣé, Mà. Mo ti wò ó. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́, àyà ẹyẹ mọ́. Irun lókè etí nìkan ló ní ibì kan tó pọ́n eérú díẹ̀. Ṣé kì í ṣe pé wọn ò tẹ̀ ẹ́ jinlẹ̀ tó ni?

Bàbá Wúrà: Tó bá jẹ́ owó New Orleans ni, irú 1886-O, mi ò bá bá ọ jiyàn, nítorí iṣẹ́ ibẹ̀ máa ń rọ̀ ní ibi irun yẹn. San Francisco kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, ibi tí wọn ò tẹ̀ jinlẹ̀ ṣì máa ń dán. Eérú tí o rí yẹn, ọwọ́ ni.

Akọ̀wé Ẹyọ: Mo fara mọ́ Bàbá, àmọ́ ọ̀nà méjì ṣì wà tí kò ní kí ẹ fọ́ nǹkan kan. Ọ̀kan ni iṣẹ́ tí PCGS ń pè ní Reconsideration: inú ike ni wọ́n ti máa wò ó, wọn ò sì ní já a wálẹ̀. Ìkejì ni CAC, ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń tún owó tó ti wà nínú ike yẹ̀ wò, tí wọ́n ti ń lẹ sítíkà mọ́ ike láti 2007. Sítíkà aláwọ̀ ewé túmọ̀ sí pé 58 yẹn dúró dáadáa. Aláwọ̀ wúrà ni pé ó yẹ kó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi á kọ́kọ́ lọ sí CAC. Ohun kan tún wà: ní ìgbà tí wọ́n dè é sínú ike yẹn, kò tíì sí "+". Àmì owó tó dára ju ẹgbẹ́ rẹ̀ ní máàkì kan náà ni, 2010 ló sì dé. Nítorí náà 58+ ṣeé ṣe, bí 61 bá tiẹ̀ bọ́.

Ní ti owó, iye tí owó náà tó ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó sọ iye tí ẹ máa san, ìfiránṣẹ́ àti adójútòfò sì ń dúró. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ jọ, kí ẹ wá ronú pé ẹ lè san án kí nọ́ńbà má sì yí padà. Tí ìyẹn bá máa dùn yín, ẹ fi í sílẹ̀.

Délé: Ó dáa, mo gbà nípa ti ike. Ṣé kò lè fi oògùn pa eérú yẹn rẹ́ ná?

Màmá Ìbejì: Délé!!! Oògùn ò lè dá irin tó ti rá padà. Dídán tó kù ló máa kó lọ.

Àkànní: Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. CAC ni mo máa kọ́kọ́ gbé e lọ, tòun ti ike rẹ̀. Tí kò bá gba sítíkà, AU58 ni, kò sì burú.

Akọ̀wé Ẹyọ: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó dì í, kí nọ́ńbà ara lébẹ́ẹ̀lì hàn ketekete.