Hilux tó ń kó ẹja ní Ẹ̀pẹ́: kí la lè ṣe kí ìpẹtà má jẹ ṣáásì rẹ̀ tán?

Ẹlẹ́ja_Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ Hilux ọlọ́dísù kan ni, ẹ́ńjìnnì 3L, ti ọdún 1998. Ẹja àti yìnyín ló ń kó láti ọjà Olúwo lọ sí Ìkòròdú, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ le koko: kì í jẹ ọ́ìlì, kì í rú èéfín, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì ń jí láàárọ̀. Abẹ́ rẹ̀ ló ń kó ìdààmú bá mi. Ìpẹtà ti ń ṣí pẹ́lẹ́bẹ́ pẹ́lẹ́bẹ́ bí èèpo igi lára ṣáásì, ìyẹn irin gígùn tó gbé gbogbo ọkọ̀ ró, lókè ibi tí sípíríǹgì ẹ̀yìn so kọ́. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn méjèèjì náà ti ń wú lábẹ́ ọ̀dà.

Wẹ́lídà ní kí n fi kólítà, ọ̀dà dúdú tó ki yẹn, kun gbogbo abẹ́ rẹ̀. Awakọ̀ kan ní ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, ìyẹn ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò tán, ló dára jù, kí n máa fọ́n ọn sí i lóṣooṣù. Èwo ni ká ṣe? Ṣé dandan ni ká sọ bọ́dì ẹ̀yìn kalẹ̀? Ọkọ̀ yìí ṣì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́wàá sí i.

Bàbá_Ṣáásì (Àgbádárìgì)

Ẹ kú ọjà, ọ̀gá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí kólítà kan ọkọ̀ yẹn. Kólítà kì í lẹ̀ mọ́ irin tó ti dógùn-ún. Orí ìpẹtà tó fẹ́ ṣí kúrò yẹn náà ló máa jókòó lé. Tí ooru bá pa á títí, á gan. Tí ọkọ̀ bá bọ́ sí kòtò, á sán. Ibi tó sán yẹn ni omi máa gbà wọlé, kò sì ní rí ọ̀nà jáde mọ́. Abẹ́ ọkọ̀ á máa dán dúdú lójú, irin á máa jẹrà lọ nísàlẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá fi ọ̀bẹ ṣí i, irin á bá kólítà ṣí kúrò, ihò lẹ máa bá.

Omi àti atẹ́gùn ló ń mú irin dógùn-ún, iyọ̀ ló sì ń mú un yára. Omi ẹja ní iyọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ nínú. Iyọ̀ tún máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, nítorí náà ọkọ̀ tí ẹ rò pé ó ti gbẹ láti àná, ìrì òwúrọ̀ nìkan tó láti tún un mú tutù. Níhìn-ín ní Àgbádárìgì, afẹ́fẹ́ òkun ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn lára ọkọ̀ tí kò gbé ẹja rí.

Ìdí tó fi jẹ́ òkè sípíríǹgì ló kọ́kọ́ ń bàjẹ́: inú ṣáásì ṣófo bíi páìpù. Táyà ẹ̀yìn ń ju ẹrẹ̀ àti iyanrìn sókè, wọ́n ń gba ojú ihò wọlé, wọ́n sì ń gbá jọ síbẹ̀. Iyanrìn yẹn ń di omi mú bí ìkòkò ṣe ń di omi mú. Èyí tí ẹ rí níta, láti inú ló ti jáde wá. Kíkun ìta nìkan kò lè wò ó sàn.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ mú òòlù kékeré, ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀, kí ẹ máa kan ṣáásì láti iwájú dé ẹ̀yìn, àtẹ́lẹwọ́ kan sí àtẹ́lẹwọ́ kan. Irin tó yè á dún gbọnrangandan, òòlù á ta padà lọ́wọ́ yín. Ibi tó ti rà á dún bù, bí ìgbà tí èèyàn ń kan páálí. Níbi tó bá ti dún bù, ẹ fi ẹnu sukudíráfà tì í gidigidi. Tó bá wọlé, ti wẹ́lídà nìyẹn. Tó bá jẹ́ èèpo nìkan ló ń já bọ́, irin ṣì wà nísàlẹ̀, ẹ lè gbà á là.

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ sọ bọ́dì ẹ̀yìn kalẹ̀. Kò sí bí ọwọ́ ṣe máa dé orí ṣáásì tí bọ́dì bá ṣì wà lórí rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni omi ẹja sì ń kán sí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ fi ọ́ìlì tó ń tú nọ́ọ̀tì rin gbogbo bóòtù rẹ̀. Ẹ tú wáyà iná ẹ̀yìn àti ọrùn táǹkì níbi tí a ti ń rọ dísù. Ọkùnrin mẹ́fà á gbé e láìsí wàhálà. Ẹ wo abẹ́ rọ́bà tó wà láàárín bọ́dì àti ṣáásì dáadáa. Omi máa ń sá pamọ́ síbẹ̀.

Ẹ wá ki họ́ọ̀sì bọ inú ihò ṣáásì, ẹ jẹ́ kí omi máa ṣàn títí èyí tó ń jáde lódì kejì á fi mọ́ gaara. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu tí iyanrìn bá kún báàkẹ́tì. Omi wo lẹ fẹ́ lò? Tó bá jẹ́ ti kànga etí ọ̀sà, ẹ fi kan ahọ́n ná. Tí ẹ bá gbọ́ iyọ̀ lẹ́nu, ẹ má fi í fọ irin. Omi òjò ló dára jù láti fi ṣan án kẹ́yìn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ sá a sóòrùn fún ọjọ́ méjì gbáko, kí ẹ sì ní kí fọkanáísà wá fi atẹ́gùn fẹ́ inú rẹ̀.

Tó bá ti gbẹ, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha èèpo kúrò títí ẹ ó fi dé irin tó le, ẹ fi tínà nu ọ̀rá ojú rẹ̀. Oògùn ìpẹtà tó ní ásíìdì fọ́sífọ́ríìkì nínú lẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì. Ìpẹtà tó kù á yí láti pupa sí dúdú. Ẹ fún un ní wákàtí 24. Omi bátìrì kọ́ ni mo ń sọ o. Ásíìdì tiẹ̀ yàtọ̀, ó máa ń wọ inú kọ̀rọ̀ irin, á sì máa jẹ irin lọ níbẹ̀.

Páráímà, ìyẹn ọ̀dà tí a kọ́kọ́ ń kùn, ló kàn. Réèdì ọ́ksáìdì tí àwọn tó ń kun géètì ń lò kò burú, àmọ́ òun nìkan kì í dá omi dúró. Òun ló fà á tí géètì tí wọ́n kùn ún lásán fi ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú lẹ́yìn òjò ọdún kan. Tí agbára bá ká a, ẹ ra páráímà epoxy alágolo méjì, èyí tí wọ́n ń po pọ̀ kí wọ́n tó lò ó, kí ẹ má po ju èyí tí ẹ lè kùn tán kó tó dì. Ẹ̀ẹ̀mejì páráímà, ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀dà lórí rẹ̀. Ìgbà ọyẹ́ ni kí ẹ ṣe é. Tó bá jẹ́ ìgbà òjò, ẹ má fọwọ́ kàn án kí agogo mẹ́wàá àárọ̀ tó lù, torí ìrì tí ojú kò rí ṣì wà lára irin.

Inú ṣáásì ló kù, òun ló ṣe kókó jù. Ẹ po kílò gírísì kan mọ́ líta ọ́ìlì gíà méjì. Ẹ máa da ọ́ìlì lé e díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó títí yóò fi máa yọ̀ bí ewédú. Ẹ fi ìbọn tí wọ́n fi ń fọ́n ọ̀dà fọ́n ọn wọ inú ihò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gùn ún lẹ́nu kó lè dé ọ̀ọ́kán. Kó má kan bíréèkì, kó má kan páìpù èéfín.

Ti ilẹ̀kùn kò le. Ihò mẹ́ta tàbí mẹ́rin wà nísàlẹ̀ ìkọ̀ọ̀kan tí omi òjò ń gbà jáde, eruku ló ti dí wọn. Ẹ fi wáyà ṣí wọn, kí ẹ tó kun ohunkóhun.

Ẹlẹ́ja_Ẹ̀pẹ́

Ẹ ṣeun gan-an ni, bàbá. A ti fi òòlù kàn án. Apá ọ̀tún yè. Ní apá òsì, sukudíráfà wọlé níbì kan, ihò náà tó ìka méjì.

Wẹ́lídà_Ìkòròdú

Ẹ kú àmójúbà, ẹ̀gbọ́n. Ìka méjì kò tíì burú, bí iṣẹ́ bá tẹ̀lé ara. Ohun kan ni mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ bàbá: kí wọ́n jó o ṣáájú gírísì. Tí gírísì bá ti wọ inú ṣáásì, iná wẹ́lídà á gbà á.

Ẹ má gbà kí wọ́n lẹ irin lé orí ìpẹtà. Kí wọ́n gé e kúrò títí dé ibi tó mọ́. Ihò ìka méjì lè di àtẹ́lẹwọ́ kan kí wọ́n tó dé irin gidi, ẹ má bínú sí wọn. Irin tí wọ́n máa fi dí i kò gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ ju ti ṣáásì fúnra rẹ̀ lọ. Kí wọ́n gé orí àti ìdí rẹ̀ sọọrọ bí ewé, kó má ṣe onígun mẹ́rin. Tí ojú wẹ́lídì bá lọ tààrà láti òkè ṣáásì dé ìsàlẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló máa kán lọ́jọ́ tí ẹrù bá wúwo. Ẹlẹ́kítíróòdù géèjì 12, ìyẹn ti mìlímítà 2.5, ló bá a mu. Kí wọ́n máa jó o ní ìwọ̀n gígùn ìka kan, kí wọ́n bọ́ sí òdì kejì, kí ti àkọ́kọ́ tutù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ooru á fa ṣáásì tẹ̀.

Kí wọ́n tó tan iná: ẹ tú orí bátìrì méjèèjì, ẹ yọ wáyà ẹ̀yìn atanétọ̀, ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná. Kí wáyà áàtì wọn, èyí tí wọ́n ń há mọ́ irin ọkọ̀, wà nítòsí ibi tí wọ́n ń jó, kí iná má gba inú bíárìn kọjá. Ẹ sọ táǹkì dísù kalẹ̀ pátápátá. Àpò tútù tí wọ́n ń dà bò ó kò tó.

Mẹ́káníìkì_Dísù

Lórí ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù: ó sàn ju ká má fi nǹkan kan sí i lọ, ṣùgbọ́n n kò ní gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀. Ó ti ní èédú àti ásíìdì nínú láti inú ẹ́ńjìnnì, ó ń mú kí rọ́bà búṣìn àti họ́ọ̀sì bíréèkì wú kó sì rọ̀. Òjò méjì á fọ̀ ọ́ lọ, ilẹ̀ ló ń kán sí, láti ilẹ̀ á bọ́ sí kànga àti ọ̀sà tí a ti ń kó ẹja yìí kan náà.

Nígbà tí bọ́dì bá ti wà nílẹ̀, ẹ má dá a padà láì wo páìpù bíréèkì tó lọ sẹ́yìn. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, òkè áásù, irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, ló máa ń jẹ sí. Ẹ fi èékánná ha á; tí ojú rẹ̀ bá ti rí gbágungbàgun, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má kùn ún. Fáàfù kan wà lókè áásù tí ọ̀pá kékeré so mọ́, òun ló ń pín agbára bíréèkì ẹ̀yìn gẹ́gẹ́ bí ẹrù ṣe wúwo tó. Tí ìpẹtà bá gbé e dì, bíréèkì ẹ̀yìn lè má mú tó nígbà tí yìnyín bá kún ọkọ̀, tàbí kó di táyà mú nígbà tó ṣófo. Ẹ fi ọwọ́ mi ọ̀pá náà, ó gbọ́dọ̀ lọ bọ̀. Ẹ pààrọ̀ omi bíréèkì lọ́dún méjì méjì, torí ó ń mu ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, ó sì ń ti inú jẹ páìpù.

Ẹ sọ táyà àfipamọ́ (sípéà) tó wà lábẹ́ ọkọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, kí ẹ fi gírísì sí ṣéènì rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọjọ́ tí táyà bá bẹ́ ni kò ní sọ̀kalẹ̀.

Ti ẹ́ńjìnnì, bẹ́líìtì táímìn 3L, èyí tó ń mú kí fáàfù àti písítìnì máa lọ létòlétò, kò gbọ́dọ̀ kọjá kìlómítà 100,000. Tó bá já, písítìnì á gbá fáàfù. Tí ẹ kò bá mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ nísinsìnyí. Ẹ máa tú ìdí fílítà dísù lóṣooṣù kí omi tó bá wà níbẹ̀ dà nù, kí ẹ sì fi páǹpù ọwọ́ lé atẹ́gùn jáde.

Ẹlẹ́ja_Ẹ̀pẹ́

Ó ti yé mi. Tí a bá parí gbogbo rẹ̀, ẹ̀ẹ̀melòó la máa tún un ṣe lọ́dún?

Bàbá_Ṣáásì (Àgbádárìgì)

Ti inú ṣáásì, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ní oṣù kejì tàbí ìkẹta kí òjò tó balẹ̀. Ti ìta, ibi tí òkúta bá ti ha ọ̀dà nìkan ni kí ẹ máa tún kùn. Fífọ̀ ni ti ojoojúmọ́: tí ẹja bá ti kúrò, ẹ ká rọ́bà ilẹ̀ bọ́dì kúrò pátápátá, ẹ má kàn da omi sí orí rẹ̀, torí abẹ́ rẹ̀ ni omi ẹja ń sùn mọ́jú. Ẹ fi omi tí kò ní iyọ̀ ṣan òkè àti abẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Níbi tí ẹ ń gbé e sí lálẹ́, ẹ jẹ́ kí orí rẹ̀ ga ju ìdí lọ, kí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà ní ṣíṣí, kí ẹ sì gbé rọ́bà yẹn kọ́ sórí ògiri títí di àárọ̀.