“Kòkòrò ọ̀rìn” kọ́ ni Shigella

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Alàgbà tó kọ̀wé lánàá ní ká máa pe Shigella, bakitéríà tó ń fa ìgbẹ́ ọ̀rìn (ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀), ní “kòkòrò ọ̀rìn”. Wọ́n ní bí “ọ̀sìn” ṣe ti ara “sìn” wá ni “ọ̀rìn” ṣe ti ara “rìn” wá, torí ẹni tó ń yàgbẹ́ ọ̀rìn kì í yéé rìn lọ sí ṣáláńgá. Ẹ dákun! Ṣé “ọ̀bọ” náà ti ara “bọ” wá, ká wá máa bọ ọ́?

Ká tiẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Láàbù ni mo ti ń jẹun, mo mọ èyí tó ń rìn. Shigella kì í rìn! Bí a bá fi abẹ́rẹ́ gún un sínú ágà rírọ̀, ìyẹn oúnjẹ bíi jẹ́lì tí a fi ń gbin bakitéríà, ojú ibi tí abẹ́rẹ́ gbà ló ń hù sí, kì í tàn kálẹ̀. Amíbà, ẹlẹ́mìí oníhóró kan ṣoṣo, ló ń rìn. Ẹ gbé ìgbẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yà sábẹ́ máíkíróskóòpù, ẹ ó rí i tó ń na ara síwájú, ẹ̀jẹ̀ tó gbé mì ń hàn nínú rẹ̀. Òun náà ń fa ìgbẹ́ ọ̀rìn, kì í sì í ṣe bakitéríà. Amíbà ni orúkọ yín bá mu, bẹ́ẹ̀ oògùn wọn ò papọ̀.

Lórí MacConkey, ágà tí a fi ń dá bakitéríà inú ìgbẹ́ mọ̀, E. coli, bakitéríà inú ìfun, máa pọ́n bí osùn. Shigella ò ní láwọ̀, torí kì í tètè jẹ ṣúgà inú wàrà. Salmonella, bakitéríà mìíràn tó ń fa àìsàn inú, náà kì í jẹ ẹ́, àmọ́ lórí XLD, ágà mìíràn, àárín tirẹ̀ sábà máa ń dúdú, ti Shigella kì í dúdú. Lẹ́yìn náà la ó kán antiserum, omi tó ní èròjà tó ń lẹ̀ mọ́ Shigella, sí i lórí gíláàsì, bó bá ṣùpọ̀, ọwọ́ ti bà á. Ẹni tó kọ “ìṣupọ̀” láìfàmì sórí “u”, ìgbẹ́ ló kọ o.

Orúkọ Shiga, ọmọ Jàpáàn tó rí i ní 1897, ló wà lára rẹ̀. Ṣìgẹ́là tó. Ìyá mi àgbà ní tiwọn, “ìgbẹ́ ọ̀rìn” ni wọ́n ń pe àìsàn náà, wọn ò wá bàbá ọ̀rọ̀ kiri.

Ẹni tó ní aláyẹ̀wò ò lẹ́nu nínú gírámà, ṣebí àwa la máa kọ ọ́ sórí èsì? Ẹ̀yin ará Kétu, kí lẹ ń pe ọ̀rìn lọ́dọ̀ yín? Bí “rìn” bá wà níbẹ̀, ẹ̀ka-èdè á tú u fó.