Èsì: Ọ̀rọ̀ fún títún róbọ́ọ̀tì aparadà ṣe àti fún dídárà sí i

Ẹ̀yin olólùfẹ́ èdè, mo kí gbogbo yín. Mo ti fara balẹ̀ ka ohun tí a ti ń sọ láti ìgbà tí ẹnì kan nínú wa ti béèrè orúkọ tó yẹ kí á máa pe róbọ́ọ̀tì oníke tí à ń fi ọwọ́ ara wa tò pọ̀, èyí tó jẹ́ pé bí a bá ká apá rẹ̀ kò, tí a yí ìbàdí rẹ̀, tí a tẹ orí rẹ̀ wọlé sí àyà, yóò di ọkọ̀ òfuurufú tàbí ọkọ̀ ilẹ̀. Àbá mẹ́ta ló gbajúmọ̀ jù nínú èyí tó wà nílẹ̀: «ère ayípadà» fún nǹkan náà fúnra rẹ̀, «àtúnṣe» fún gbogbo iṣẹ́ tí a bá ṣe sí i nígbà tó bá bàjẹ́, àti «ìsọdi-tara-ẹni» fún ohun tí ẹni tó ni ín ṣe sí i kí tirẹ̀ má baà jọ ti ẹlòmíràn. N kò fara mọ́ ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ń to àwọn róbọ́ọ̀tì wọ̀nyí, mo sì ń tún wọn ṣe, ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí «ère». Gbígbẹ́ là ń gbẹ́ ère, bó bá sì ti kúrò lọ́wọ́ agbẹ́gilére, bó ṣe rí náà ni yóò máa rí. Èyí tí à ń sọ kì í dúró sójú kan. «Àwòṣe» ló wù mí, torí pé wíwò ni wọ́n wo nǹkan mìíràn ṣe é, tí wọ́n sì dín in kù ní ìwọ̀n tó ṣe déédéé. Gundam àkọ́kọ́, róbọ́ọ̀tì ogun inú eré kátúùnù kan tó jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Japan ní 1979, ga ní mítà 18 nínú ìtàn. Nígbà tí Bandai, ilé-iṣẹ́ ohun ìṣeré ilẹ̀ Japan, bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwòṣe rẹ̀ ní 1980, ìwọ̀n 1/144 wà lára rẹ̀, èyí tó sọ mítà 18 di sẹ̀ǹtímítà 12 àbọ̀. Ní 1/100, sẹ̀ǹtímítà 18 ni. Ẹni tó bá pè é ní ère ti fi ìwọ̀n yìí sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ni àwọn tó ń tò ó kọ́kọ́ ń béèrè lọ́wọ́ ara wọn.

Ní ti «ayípadà», ojú ọjọ́ ń yí padà, ìwà ènìyàn ń yí padà, ohun tó bá sì ti yí padà lè má padà sí bó ṣe wà mọ́ láé. Ṣùgbọ́n ẹranko inú àlọ́ tó para dà di ọmọge, awọ rẹ̀ ń bẹ níbi tó fi pamọ́ sí, bó bá sì yá yóò gbé e wọ̀. Ara kan náà ni, ìrísí ló di méjì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni VF-1 inú Macross, eré kátúùnù ilẹ̀ Japan ti 1982: ọkọ̀ òfuurufú ni, róbọ́ọ̀tì ni, ó sì tún ní ìrísí kẹta láàárín méjèèjì, ọkọ̀ òfuurufú tó yọ apá tó yọ ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Transformers, ohun ìṣeré tí Hasbro, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1984, tó jẹ́ pé láti ara ohun ìṣeré Takara ti ilẹ̀ Japan ni wọ́n ti mú púpọ̀ nínú wọn. «Aparadà» ni mo fara mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí tún ń bá wa ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Àwọn àwòṣe kan wà tí a gbọ́dọ̀ tú apá tàbí àyà wọn kúrò pátápátá, kí á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, kí wọ́n tó lè di ọkọ̀. Àwọn wọ̀nyẹn kì í para dà. «Apààrọ̀-ẹ̀yà» ni kí á máa pè wọ́n, kí ẹni tó fẹ́ rà á lè mọ ohun tó ń rà.

Àbá kan tún wá pé kí á sọ róbọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ di «ẹrú irin», nítorí pé láti ara robota, ọ̀rọ̀ Czech tó túmọ̀ sí iṣẹ́ àfipáṣe, ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọdé ti mọ róbọ́ọ̀tì, àgbà ti mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

«Àtúnṣe» ló ká mi lára jù. Ọ̀rọ̀ náà kò burú, ó kàn fẹ̀ jù fún iṣẹ́ yìí ni. Èdè wa kì í sọ pé nǹkan bàjẹ́ kó sì dákẹ́ síbẹ̀. Igi a máa ṣẹ́, àwo a máa fọ́, ìkòkò a máa sán, pákó a máa là, okùn a máa já, oríkèé a máa yẹ̀. Ẹni tó ń tún àwòṣe ṣe nílò gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí, torí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní oògùn tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá kọ̀wé pé èjìká róbọ́ọ̀tì òun bàjẹ́, kí ni kí á sọ fún un? Bó bá ní ó yẹ̀, a mọ̀ pé orí róbótó oríkèé náà ló jáde nínú ihò rẹ̀. Kó rọra tẹ̀ ẹ́ padà. Bó bá ní ó sán, a mọ̀ pé ìlà tín-ín-rín ló wà lára ihò náà, kò tíì pín sí méjì. Kó má ṣe fipá tẹ nǹkan kan bọ̀ ọ́ mọ́, kó kán gọ́ọ̀mù olómi sójú ìlà náà, kó sì dì í mú pinpin títí yóò fi gbẹ.

Oríkèé tún lè dẹ̀, ó sì lè fún jù. Èyí tó dẹ̀ kò lè gbé apá sókè, pàápàá bí ìbọn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. A ó fi gọ́ọ̀mù olómi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa orí róbótó rẹ̀ lára, a ó jẹ́ kó gbẹ délẹ̀délẹ̀ kí á tó tẹ̀ ẹ́ padà sínú ihò. Bí kò bá tíì gbẹ, yóò lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ ni, apá náà kò sì ní yí mọ́. Èyí tó fún jù, sáńpépà la ó fi fá a díẹ̀, torí òun náà ló máa ń ṣẹ́ bí a bá ń fipá yí i. «Dẹ̀» àti «fún»: a kò nílò láti dá ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀.

Ọ̀kan wà tí kò ní oògùn. Àwọn ohun ìṣeré aparadà kan tí wọ́n fi ike dídán bíi wúrà ṣe, láti ìparí àwọn ọdún 1980 wọ àwọn ọdún 1990, máa ń rún. Kì í ṣe pé ẹnì kan jù wọ́n sílẹ̀. Ike náà fúnra rẹ̀ ti di aláìlágbára, èèyàn á kàn yí oríkèé rẹ̀ jẹ́jẹ́, yóò sì fọ́ sí i lọ́wọ́ wẹ́wẹ́. Tí ẹnì kan bá sọ pé tirẹ̀ «rún», kò sí ìdí láti béèrè irú gọ́ọ̀mù tó lò.

Ẹ jẹ́ kí á wo èyí tó ṣẹ́ dáadáa. Èèkàn ni mo ń pe ọ̀pá kékeré tó máa ń wọ inú ihò, ẹnu sì ti mọ́ ọ̀rọ̀ náà lára. Èèkàn èjìká tó nípọn tó mílímítà 3 lè ṣẹ́ kí ìdajì rẹ̀ kù sínú ihò. Gọ́ọ̀mù nìkan kò ní dì í mú, torí ojú tí wọ́n fi kan ara wọn kéré, ẹrù tí èjìká ń gbé sì wúwo. A ó fi ìlu ọwọ́ lu ihò mílímítà 1 sí àárín gbùngbùn ojú méjèèjì tó ṣẹ́, díẹ̀díẹ̀, kí ike má baà gbóná kó yọ́ mọ́ ẹnu ìlu. A ó gé wáyà idẹ tó bá ihò náà mu, a ó ki ìdajì rẹ̀ bọ apá kan, a ó fi gọ́ọ̀mù sí i, a ó sì ti apá kejì bọ̀ ọ́ títí ojú méjèèjì yóò fi pàdé. Ẹnì kan pe èyí ní «àtúnṣe onírin-láàárín». «Ọ̀pá-inú» ti tó. «Èèkàn rẹ̀ ṣẹ́, mo fi ọ̀pá-inú sí i.» Gbogbo ẹni tó ti ṣe é rí yóò gbọ́ ọ yékéyéké.

Gọ́ọ̀mù náà nílò orúkọ méjì. Irú kan máa ń yọ́ ojú pólísítáírìn, irú ike tí wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú àwòṣe, tí ẹ̀yà méjèèjì yóò wọ inú ara wọn di ọ̀kan ṣoṣo. Irú kejì kì í yọ́ nǹkan kan, ó kàn ń di ẹ̀yà méjì mú pọ̀ ni, ó sì ń yára gbẹ. Mo pe àkọ́kọ́ ní «ayọ́ke», mo pe ìkejì ní «alẹ̀». Ayọ́ke kò ṣiṣẹ́ kankan lára ike rírọ̀ bíi rọ́bà tó wà nínú ihò oríkèé àwọn àwòṣe kan, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ayọ́ke ló ń ràn lára ABS, irú ike mìíràn tó le.

«Ìsọdi-tara-ẹni» ńkọ́? Àlàyé nìyẹn, kì í ṣe orúkọ. N kò rí ẹni tí yóò kun àwòṣe rẹ̀ tán tí yóò wá sọ pé òun ti sọ ọ́ di tara òun. «Mo dárà sí i» ni yóò sọ. Àrà ni ohun tí ojú kò rí rí, tí ọlọgbọ́n ọwọ́ fi kún ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀. «Ìdárà» ni iṣẹ́ náà, «adárà» ni ẹni tó ń ṣe é. Àgbà kan láàárín wa ti kọminú pé ti oníjó àti onílù ni dárà. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, Bàbá, ìdí gan-an tó fi bá a mu nìyẹn: onílù tó ń dárà ti mọ ìlù náà bó ṣe yẹ kó rí kó tó kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, ẹni tí kò bá sì mọ bí àwòṣe ṣe ń para dà, bó bá fi ìhámọ́ra kún ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ náà kò ní ká mọ́.

Níbo wá ni àtúnṣe ti parí tí ìdárà ti bẹ̀rẹ̀? Ká ní ìwo orí róbọ́ọ̀tì ṣẹ́ tó sì sọnù. Bí mo bá fi ike pẹlẹbẹ gé òmíràn tó jọ ti àtijọ́, àtúnṣe ni. Bí mo bá gé e gùn, tí mo tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, ìdárà ni, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ pé ṣíṣẹ́ ló fà á. Ìwo náà fúnra rẹ̀, «àfọwọ́dá» ni lọ́nà méjèèjì.

Ẹnì kan béèrè orúkọ àmì kékeré tó máa ń kù lára ẹ̀yà nígbà tí a bá gé e kúrò lára férémù ike tó bá a wá. Mo dábàá pé kí á pe ibi tó so wọ́n pọ̀ ní «ìwọ́», kí á sì pe àmì tó kù ní «ìdodo». Ẹ̀yà náà dà bí ọmọ tuntun lára férémù rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì là ń gé ìwọ́: àkọ́kọ́ jìnnà díẹ̀ sí ara ẹ̀yà, ìkejì sún mọ́ ọn. Ẹni tó bá gé e mọ́ ara lẹ́ẹ̀kan náà, ike yóò funfun lójú ibẹ̀, ó sì lè gbọ̀n jáde di ihò. Lẹ́yìn náà ni sáńpépà nọ́ńbà 400, lẹ́yìn rẹ̀ 600 àti 800 tó túbọ̀ dán, títí dé 1000 bó bá wù ú, láti pa ìdodo rẹ́.

Lórí ọ̀dà, «àyè» ni ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù fún aparadà. Ọ̀dà ní ìnípọn. Ẹ̀yà tó ń rọra kọjá lára ẹ̀yà mìíràn kò ní rí àyè mọ́ bí a bá kun àwọn méjèèjì, ọ̀dà yóò sì họ nígbà àkọ́kọ́ tó bá para dà. Ojú ibi tí wọ́n ti ń fara kan ara wọn la ó kọ́kọ́ fá díẹ̀ kí á tó kùn ún, tàbí kí á má kùn ún rárá. Ẹ má ṣe da «họ» pọ̀ mọ́ «bó»: èyí tó họ, àyè ni kò sí, èyí tó bó, ọ̀dà ni kò di ike mú látìbẹ̀rẹ̀, bóyá nítorí òróró tí a kò fọ̀ kúrò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni pẹ̀lú àwọn ìlà ojú ara rẹ̀. Bí a bá fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó mú ìlà jinlẹ̀, a «fín» in. Bí a bá jẹ́ kí ọ̀dà olómi ṣàn tẹ̀ lé e, a «tọ̀» ọ́. Ọ̀dà títọ̀ tí wọ́n fi ohun ìpòdà líle pò lè wọ inú oríkèé ABS tó ti fún tẹ́lẹ̀, kí ike náà sì sán láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Kí á tú u palẹ̀ kí á tó tọ ìlà.

Èyí tó ṣẹ́ kù ni àwòṣe tí a kó ẹ̀yà rẹ̀ jọ láti ara oríṣiríṣi àwòṣe mìíràn. «Àmúlùmálà» ni mo ń pè é, ẹnì kan sì ti ní ọ̀rọ̀ náà ní àbùkù nínú, pé ohun tí kò létò là ń pè bẹ́ẹ̀. N kò jiyàn pé bí wọ́n ṣe ń lò ó nìyẹn níbòmíràn. Láàárín àwọn tó ń ṣe é, ìyìn ni wọ́n ń fi ṣe. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó dára jù ú lọ, kó fi lélẹ̀ kí á gbé e yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n kó jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè sọ nígbà tí gọ́ọ̀mù ṣì wà ní ìka rẹ̀.