Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí ẹ̀rọ NMR, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ará Leeds:
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ti ń parí Másítà nínú kẹ́mísírì. Iṣẹ́ NMR, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi mágnẹ́ẹ̀tì ńlá àti ìgbì rédíò wo bí átọ́ọ̀mù ṣe tò nínú nǹkan, lọkàn mi fà sí jù, àmọ́ ibi mẹ́fà ni mo ti wáṣẹ́, wọn ò gbà mí níbì kankan. Kí ni wọ́n ń wá gan-an?

Ìyá Ìbejì, Manchester:
Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ọdún 9 rèé tí mo ti ń tọ́jú ẹ̀rọ náà ní yunifásítì kan níbí. Àwọn tó mọ spectrum, ìyẹn àwòrán èsì tí ẹ̀rọ náà ń yà, kà pọ̀ lọ jàra. Ẹni tó lè dúró ti ẹ̀rọ nígbà tó bá ń ṣàìsàn ló ṣọ̀wọ́n. Lọ bá ẹni tó ń bójú tó tiyín, ní kó jẹ́ kó o máa tẹ̀ lé òun.

Inú helium olómi ni mágnẹ́ẹ̀tì yẹn ń gbé, òtútù ibẹ̀ jẹ́ -269 °C. Nitrogen olómi, -196 °C, ló yí i ká. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ la ń bu nitrogen kún tiwa. Wọ ìbọ̀wọ́, fi gíláàsì bojú, jẹ́ kí atẹ́gùn máa wọlé, torí gáàsì náà lè gba ipò afẹ́fẹ́ tí èèyàn ń mí, kò sì ní òórùn. Tó o bá ti mọ̀ ọ́n ṣe, kọ ọ́ sínú CV rẹ.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan fi tube tó ti sán, ìyẹn ọ̀pá gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ tá a máa ń fi ohun tá a fẹ́ yẹ̀ wò sí, sínú ẹ̀rọ wa rí. Ó fọ́ síbẹ̀, iṣẹ́ gbogbo ilé dúró. Látìgbà náà, mo máa ń gbé tube kọ̀ọ̀kan síwájú ìmọ́lẹ̀, kí n yí i láàárín ìka, kí n nù ún, kó tó wọlé. Kọ́ ìyẹn náà.

Má sì jẹ́ kí kíkọ̀ tí wọ́n kọ̀ ẹ́ dùn ẹ́ jù. Richard Ernst, ará Switzerland, lọ ṣiṣẹ́ ní Varian, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ NMR nígbà náà, ní Kalifọ́níà ní 1963. Nígbà yẹn, ẹ̀rọ ń wá ohùn átọ́ọ̀mù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń pẹ́. Òun àti Weston Anderson fi ìgbì rédíò kúkúrú lu gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni lu agogo, kọ̀ǹpútà wá ya ohùn wọn sọ́tọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá àpilẹ̀kọ wọn padà kó tó jáde níbòmíràn ní 1966. Ernst gba Nobel ní 1991.

Ará Leeds:
Ẹ ṣé gan-an, mà. Lọ́jọ́ Ajé ni màá lọ bá a. Ṣé kí n mú CV dání?

Ìyá Ìbejì, Manchester:
Rárá. Bi í pé ọjọ́ wo ni wọ́n ń bu nitrogen, kó o sì tètè débẹ̀. Fi fóònù àti káàdì báńkì sílẹ̀ níta, kí mágnẹ́ẹ̀tì má bàa bà wọ́n jẹ́.